Ẹ ṣọ́ra fún bọ̀dá tó ń ta pápákọ̀ òfurufú ní Sábó, Ìkòròdú o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wa bàálù bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró gbọ́, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Bọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó ló ta síínárì, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n ń fi sínú géèmù bàálù, ti gbogbo pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà fún mi nínú fíláàṣì, 35,000 náírà, ó ní ojúlówó ni, ìlú òyìnbó lòun ti rà á. 35,000! Owó tí mo fẹ́ fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbéra láti Abújá, mo ń bọ̀ l'Ékòó, mo ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá wo bí àwọn àgbà ṣe ń fi bàálù balẹ̀. Mo ń sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́, iná rọ́nwéè ti ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán, àfi gbàà! Bàálù forí sọ ògiri. Ògiri wo? Gbogbo pápákọ̀ náà ló jókòó sórí òkè bíi tábìlì, etí ẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n fọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Ìkẹjà tó tẹ́ pẹrẹsẹ! Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi yí sílẹ̀. Mo gbé bàálù sórí rọ́nwéè, mo tẹ Shift àti Z nínú FSX, géèmù bàálù tí mo ń lò, kí n lè rí bí ibẹ̀ ṣe ga tó, ó ní 412 ft. Pápákọ̀ Èkó tí ò ju 135 ft lọ! Nọ́ńbà gíga kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú fáìlì pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, tí ò bá ti bá ilẹ̀ tó yí i ká mu, ó di òkè tàbí kòtò nìyẹn.

Mo padà lọ bá a, ó ní graphics card mi, ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà, ló ti gbó. Graphics card! Ló bá tún ta mesh fún mi, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí nínú géèmù, 15,000, èmi náà tún san. Ẹ má bú mi, ẹ ò tíì gbọ́ ẹnu ọkùnrin yẹn ni. Mesh yẹn sọ Abújá sí kòtò, bàálù wà nísàlẹ̀ bí ẹni bọ́ sí kànga. Ìgbà tí mo tú fáìlì méjèèjì wò ni mo rí i pé ọ̀fẹ́ làwọn tó ṣe wọ́n gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà wọ́n. 50,000 lórí ọ̀fẹ́! Mi ò sì kí ń ṣe ọ̀mùgọ̀ o, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun.

Ẹ kọ́kọ́ wá a lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa rà, kó ṣí i níṣojú yín, kẹ́ ẹ tẹ Shift àti Z yẹn lórí rọ́nwéè kẹ́ ẹ tó tíráńsífà. Àmọ́ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àtẹni tó ta ṣájà fún mi lóṣù tó kọjá.

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárọ̀ yìí, kò gbé e.