Sólà, Sọ́kẹ́ẹ̀tì, Súìsì àbí Alámòójútó: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Sanwó Fún Tẹ́ Ò Bá Lè Yọjú Sí Motorhome Yín?

Ẹni tó bá gbé motorhome (ọkọ̀ tó ní ilé gbígbé nínú) sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, tí iṣẹ́ tàbí ìrìn àjò tàbí àìlera wá dí i lọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan, ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ọlọ́jà máa kó síwájú ẹ̀. Ó lè ra pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé ọkọ̀. Ó lè fi owó kún owó àyè kí wọ́n fún un níbi tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ṣájà inú ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó lè ra súìsì tó ń já bátìrì kúrò lára ọkọ̀, kó pa gbogbo ẹ̀ kó sì máa lọ. Ó sì lè gba alámòójútó tí á máa bá a yọjú síbẹ̀. Mo ti lo sọ́kẹ́ẹ̀tì rí, sólà ló wà lórí ọkọ̀ mi báyìí. Àbúrò mi ló ń lo súìsì, inú ọgbà kan náà ni ọkọ̀ tiwa méjèèjì wà, mo sì mọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí. Ní ti alámòójútó, àwa méjèèjì la jọ ń san owó ẹ̀.

Iye wáàtì àti iye ọdún gàràǹtí wà lára páálí, ẹ máa kà á níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi wéra ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lásìkò tí kò sẹ́nì kankan nítòsí ọkọ̀.

Bátìrì ẹ́ńjìnnì

Ibí ni owó mi gbà lọ, ibí náà ni mo sì máa pẹ́ sí.

Bátìrì inú motorhome kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Èkejì ló ń gbé gílóòbù inú ilé, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti pátákó tí à ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kálukú wọn ti wà láyè ara ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ẹ bá fún ọ̀kan kò dé ọ̀dọ̀ èkejì, àfi bí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ṣájà tó bá ọkọ̀ wá, bátìrì inú ilé nìkan ló ń kún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara bátìrì ẹ́ńjìnnì ni aláàmù, tracker (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn), rédíò àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sábà máa ń fa iná wọn, wọn kì í sì í sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní gbogbo wọn pa pọ̀ ń fa milliamp 50, ìyẹn ìdá kan nínú ogún amp. Lójúmọ́ kan, 1.2 Ah (amp-hour, ohun tí wọ́n fi ń wọn iye iná inú bátìrì) ti lọ. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, 36 Ah. Bátìrì 90 Ah tó bá ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, 72 Ah ti kúrò nínú ẹ̀, kò sì lè ta ẹ́ńjìnnì kankan jí mọ́. Bátìrì olójé sì kórìíra kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lófìfo. Tó bá kún tó sì ti sinmi, nǹkan bí fóltì 12.7 ni mítà máa kà. Tó bá ka 12.2, ó ti kù sí ìdajì. Tó bá pẹ́ lábẹ́ 12.4, sulphate, irú iyọ̀ kan, á máa le mọ́ àwọn pátákó òjé inú ẹ̀, tí ìyẹn bá sì ti gan, ṣájà kankan kò lè tú u mọ́ dáadáa. Níbi tí òtútù ti ń mú omi dì, èyí tó ti ṣófo lè di yìnyín kí ikùn ẹ̀ sì là, nígbà tí èyí tó kún á wà bó ṣe wà.

Ọgbà tí mo gbé ọkọ̀ sí nígbà yẹn ní òrùlé, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gba owó lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, ìdáhùn kan náà ni: iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára ṣájà, kí n fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó ń tàn. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn kò dáhùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́, dáṣíbọ́ọ̀dù kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo gbé mítà lé bátìrì inú ilé: 13.5, ara ẹ̀ le koko. Mo gbé e lé ti ẹ́ńjìnnì: 4 àti díẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń rí kò bá bátìrì yẹn tan rárá. Ẹni tó gbowó àyè lọ́wọ́ mi ti ní "ṣájà á tọ́jú bátìrì", kò sọ èwo. Mo sanwó fún àwọn tó wá bá mi ta ẹ́ńjìnnì jí, mo ra bátìrì tuntun, àwọn oní-inṣọ́ránsì sì ń bi mí pé ọjọ́ wo ni aláàmù ti kú, nítorí ó wà nínú àdéhùn wa pé kò gbọ́dọ̀ kú. Títí dòní ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, nítorí kò sí iṣẹ́ kankan tí mo sanwó fún tí wọn ò gbowó ẹ̀ pé.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tún ní àléébù míì. Ọkọ̀ púpọ̀ ló máa ń pín ìlà iná kan náà. Tí omi bá wọ wáyà ọkọ̀ ẹnìkan, súìsì ààbò á já, iná gbogbo yín ló lọ, kò sì sẹ́ni tó máa pè yín. Ṣájà àtijọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó rọra ṣe sì máa ń gbẹ bátìrì olómi. Èyí tó dáa máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.5 fóltì tí bátìrì bá ti kún, ibẹ̀ lá sì máa wà.

Sólà náà lè já yín kulẹ̀ lọ́nà kan náà o. Charge controller (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti sólà sínú bátìrì) tó ní ẹnu kan ṣoṣo, bátìrì inú ilé ni wọ́n máa so ó mọ́, ìtàn mi á sì tún ara ẹ̀ sọ. Elẹ́nu méjì ni kẹ́ ẹ béèrè, tàbí kẹ́ ẹ ra ohun èlò kékeré tó máa ń yọ díẹ̀ láti ara bátìrì inú ilé fún ti ẹ́ńjìnnì tí tinú ilé bá ti kún. Ohun èlò yẹn kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì tuntun, ó sì ṣeé so mọ́ ètò sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Àwọn kan á ní sólà kò lágbára tó. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì tó bá rí wákàtí kan péré tí oòrùn mú dáadáa, á fi nǹkan bí 6 Ah sínú bátìrì, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún ni ìyẹn fún aláàmù àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni ewé, ìgbẹ́ ẹyẹ, yìnyín tó bò ó, àti òjìji ilé tó bọ́ sí apá kan pánẹ́ẹ̀lì, nítorí òjìji díẹ̀ lè gba púpọ̀ lára iná tó ń mú wá. Láwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbede-méjì ayé, oòrùn ìgbà òtútù máa ń rẹlẹ̀, ó sì dáa kẹ́ ẹ ra pánẹ́ẹ̀lì tó tóbi díẹ̀ jù bí ìṣirò ṣe sọ. Lábẹ́ òrùlé, sólà kò wúlò. Aṣọ ìbora lórí ọkọ̀ náà pa á nìyẹn.

Súìsì àbúrò mi ló rọrùn jù: ó yí i, ó lọ. Bátìrì olójé tó kún, tí nǹkan kan kò fa iná lára ẹ̀, lè dúró fún oṣù méjì sí mẹ́ta láìsí wàhálà, pàápàá níbi tí ooru kò pọ̀; AGM, irú bátìrì olójé tí omi ẹ̀ kì í dà, kì í tètè pàdánù iná, bátìrì lithium tilẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe kíkún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá já bátìrì, aláàmù ti kú, tracker ò ní pẹ́ kú tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé inṣọ́ránsì yín.

Ẹni tó ní lithium níbi tí òtútù ti ń mú omi dì: wọn kì í fi iná sínú ẹ̀ tó bá ti wà nísàlẹ̀ 0 °C. Ẹ rí i dájú pé ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú máa ń dá ṣájà àti sólà dúró fúnra ẹ̀.

Alámòójútó, àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ta jí fún ìṣẹ́jú márùn-ún

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń tà fún yín nìyí: lóṣooṣù, a ó bá yín ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìpalára ló ń ṣe. Títa ẹ́ńjìnnì jí ń gba iná púpọ̀ lọ́wọ́ bátìrì, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi ń kùn lórí ìdúró kò sì ní dá a padà. Ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, omi tó jáde látinú epo tó jó á wà nínú ẹ́kísọ́ọ̀sì àti nínú ọ́ìlì, á sì máa jẹ irin. Tí wọn ò bá ní wà á jáde fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná dénú, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá lè wà á, owó yẹn tọ́, torí táyà àti bíréèkì náà á jàǹfààní ẹ̀.

Ẹni tí a bá rán níṣẹ́ ẹrú tó fi tọmọ jẹ́ ẹ ni kẹ́ ẹ wá. Kó gbé mítà lé bátìrì méjèèjì, kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó rí. Kó ṣílẹ̀kùn, kó gbóòórùn. Kó fi ọwọ́ tẹ ògiri nísàlẹ̀ fèrèsé àti ní kọ̀rọ̀ òrùlé bóyá ó rọ̀. Tiwa kọ́kọ́ ń kọ "gbogbo ẹ̀ dáa" ránṣẹ́. A ní kó má kọ ọ́ mọ́, nọ́ńbà la fẹ́. Láti ìgbà náà owó ẹ̀ ti di owó tí mo fẹ́ràn láti san.

Ọ̀rinrin

Níbí, àyè tó ní òrùlé ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Òjò tí kò bọ́ sórí ọkọ̀ kò lè gba ojú ìlẹ̀pọ̀ wọlé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tún lè gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi rọ́bà darí omi ẹ̀ sínú ihò omi, torí ike ẹ̀ á kún, ẹ̀rọ á sì dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ike oníyọ̀ tó ń fa ọ̀rinrin, èmi ò ní fi wọ́n sínú ọkọ̀ tí mi ò lè yọjú sí: omi oníyọ̀ ló ń kún inú wọn, tó bá dà sórí ilẹ̀ pátákó kò ṣeé gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ gbé tìmùtìmù dúró kúrò lára ògiri, ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi nǹkan ti ilẹ̀kùn fíríìjì kó má pa dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú ẹ̀ á bu. Ẹ má di ihò afẹ́fẹ́ kankan. Aṣọ ìbora gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń mí. Ọ̀rá lásán á sé ọ̀rinrin mọ́nú.

Ìyókù

Táyà: ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ dé ibi tí wọ́n kọ, ẹ fi nǹkan bò ó kúrò lójú oòrùn, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

Bíréèkì ọwọ́: ẹ má fà á sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó lè lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi ìdènà ti táyà, ẹ fi jíà sí i.

Omi: ẹ tú gbogbo ẹ̀ dànù, tó fi mọ́ ti ẹ̀rọ amúmigbóná, kẹ́ ẹ sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi sílẹ̀ láàárín gbígbóná àti tútù.

Gáàsì: ẹ tì í láti orí sìlíńdà.

Eku: ẹ má fi oúnjẹ kankan sílẹ̀, kódà ìyẹ̀fun inú ọ̀rá.

Ta ni kó ra kí ni

Tí ẹ bá máa gbé e sábẹ́ òrùlé, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló bá yín mu, tí wọ́n bá lè fi hàn yín pé ó dé bátìrì méjèèjì, tí ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó ń wo súìsì ààbò lójoojúmọ́. Èmi ò tíì rí ọgbà tó gbà láti kọ ìkejì yẹn sínú ìwé. Tí ẹ ò ní ju oṣù méjì lọ, tí inṣọ́ránsì ò sì bìkítà nípa aláàmù, súìsì ti tó, ẹ má náwó jù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kò mọ ọjọ́ tó máa padà dé, tí àyè ọkọ̀ sì wà ní gbangba, sólà pẹ̀lú controller elẹ́nu méjì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ oní-SIM tó ń fi fóltì ránṣẹ́ sí fóònù kún un, àti alámòójútó tó ń wo ọ̀rinrin. Ohun tí mo ń lò nìyẹn. Iná sólà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lè yọ ọ́ lára ògiri.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún ẹni tó bá yín so sólà, ẹ jẹ́ kí bátìrì inú ilé kún ná, kí oòrùn sì ti mú. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo pánẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé mítà lé bátìrì ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí aṣọ kúrò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tún kà á. Tí kò bá gòkè, inú ilé nìkan ló so ó mọ́, kó wá parí iṣẹ́ ẹ̀ kó tó gbowó.