Iléèwé ìjọba abúlé wa: ẹ mú ọmọ wá, ẹ sì béèrè olùkọ́

Àwọn ọmọ mi ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lábúlé wa níbí, ní Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń kó wá dáko lágbègbè yìí máa ń bi mí bóyá ó dáa. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan.

Ìwé kíkà wọn múná. Ìyá tó ń kọ́ kíláàsì kìíní kì í kánjú, Yorùbá ló sì fi ń ṣàlàyé. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì wọ kíláàsì kejì tó ti ń ka Sáàmù 23 fún mi nínú Bíbélì Yorùbá, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi irú ẹ̀ hàn láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún odidi ọdún 6. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní ẹ̀kọ́ ará oko.

Kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ló ń dùn mí. Yàrá kan náà ni wọ́n wà, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ wọn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín pátákó: òsì fún kíláàsì kẹta, ọ̀tún fún ìkẹrin. Bó bá ń ṣàlàyé ìṣirò fún apá kan, apá kejì á máa dà á kọ. Ọ̀gá yẹn ń gbìyànjú gan-an, ohùn rẹ̀ á ti há kó tó di àkókò eré. Síbẹ̀, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ lọmọ ń gbà.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí olùkọ́ 1 kọ́ ọmọ 35. Ó bá ìgboro mu. Lábúlé tí ọmọ 70 bá pín sí kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olùkọ́ 2 ni ìṣirò yẹn máa fún wọn. Òbí á wòye pé olùkọ́ ò tó, á mú ọmọ lọ sí iléèwé aládàáni. Orúkọ á dín nínú rẹ́jísítà, olùkọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ò ní rí arọ́pò. Kí ìjọba ka iye kíláàsì mọ́ iye ọmọ, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Owó iléèwé ò sí. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ ọdún 9 àkọ́kọ́ níléèwé di ọ̀fẹ́. Aṣọ àti ìwé ló ń náni lówó.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, àga ń ṣófo lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gẹ́ tí ọmọ ò bó láàárọ̀, á bó o bó bá ti iléèwé dé.

Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, kó tètè wá nínú oṣù kẹsàn-án, kó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ẹni tó máa kọ́ kíláàsì ọmọ rẹ̀, kó sì máa wá sípàdé òbí àti olùkọ́. Ibẹ̀ la ti ń jíròrò bá a ṣe máa dáwó jọ gba olùkọ́ kan sí i, kí kíláàsì ìkẹrin lè ní tiẹ̀.