Jáàkì gígùn tí mo rà ní Àkúrẹ́ fún Hilux mi

Sípíríǹgì kan tí kò ju ti inú bírò lọ ló mú mi jókòó kọ èyí. Inú jáàkì gígùn tí mo rà ló wà, òun ló sì jẹ́ kí ẹ̀yìn Hilux mi há sókè lọ́nà abà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Orí mi gbóná gan-an lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ mọ gbogbo bó ṣe rí.

Kòkó ni mo ń rà. Ọ̀nà Òdá ni mo máa ń gbà wọ àwọn abà. Ẹni tó bá ti rin ibẹ̀ nígbà òjò àrọ̀kúrò mọ̀ pé ilẹ̀ tó le lójú lè gbé táyà mì lójijì. Jáàkì kékeré tó bá mọ́tò wá kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ á ti sùn sórí ẹrẹ̀, kò ní sí àyè tí èèyàn máa ti jáàkì bọ̀, àfi kó fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wọlé, kò ní gbé mọ́tò ga tó. Ẹ̀gbẹ́ ìta ni jáàkì gígùn máa ń dúró ní tirẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ á kọ́ bọ́ńpà irin, á wá máa gun òpó rẹ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan; pínnì méjì tí sípíríǹgì ń tì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló máa ń wọ ihò náà. Ilé iṣẹ́ Hi-Lift ní Bloomfield, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é láti 1905. Èyí tí mo rà kì í ṣe tiwọn, àwọn tó wo tiwọn ṣe ló ṣe é, kò sì sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Mi ò ní máa ka iye ẹrù tó lè gbé síbí, ó wà lára páálí.

Ẹ rántí o, bọ́ńpà oníke kò lè gbà á. Wẹ́dà ló bá mi ṣe ti irin sẹ́yìn mọ́tò kí n tó lọ rajà rárá.

Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Àkúrẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Oríṣi méjì ló kó síwájú mi, ti ínǹṣì 48 àti ti ínǹṣì 60. Ó ní, “Mummy, èyí tó gùn jù làwọn èèyàn ń rà.” Mo ní mo fẹ́ èyí tó máa lè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn orí mọ́tò láìyọ síta. Kò bá mi jiyàn. Ó mú téèpù, ó jáde sínú oòrùn, ó wọn ẹ̀yìn Hilux mi látẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ mà, 48 ni.” Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò, máníjà pariwo láti ìdí tábìlì rẹ̀ pé wọn kì í já ọ̀rá rẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó. Owó tó tó ra táyà tuntun kan ni mo kà sílẹ̀ fún ohun tí mi ò rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó máa ṣẹlẹ̀, gbígbé sókè dùn púpọ̀. Mo tẹ́ pákó ìrókò tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ẹsẹ̀ irin yẹn kéré, ẹrẹ̀ á gbé e mì. Mo fi okùn so ṣáàsì mọ́ irin tó mú táyà, kí táyà lè bá ara mọ́tò gòkè. Bí èèyàn ò bá so ó, ara mọ́tò á ti ga kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń tẹ ọwọ́ irin jáàkì náà, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, pínnì òkè wọ ihò, ti ìsàlẹ̀ wọ ihò, títí táyà fi jáde nínú kòtò. A kó òkúta àti igi dí kòtò náà. Ó wá ku ká sọ mọ́tò kalẹ̀.

Mo yí ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, torí sísọ̀ kalẹ̀ ló léwu jù: ìwúwo mọ́tò á máa ti ọwọ́ irin yẹn sókè, bó bá bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ó lè fọ́ àgbọ̀n ẹni. Ó sọ̀ ní ihò kan. Lẹ́yìn náà pínnì òkè jáde, kò sì wọlé mọ́. Pínnì ìsàlẹ̀ nìkan ló ru ẹ̀yìn mọ́tò pẹ̀lú àpò kòkó tó wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ń bọ̀ láti oko ké sí mi pé, “Ìyá Oníkòkó, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí irin yẹn nà yín o!” Àwọn ará abà sáré bu dísẹ́lì wá níbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá. A da á sí i, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń fi sípánà kan pínnì náà wọlé. Ihò kọ̀ọ̀kan la ń kàn án títí mọ́tò fi balẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, máníjà ò dìde. Ó fi ẹsẹ̀ ti jáàkì náà. Ẹsẹ̀! Ohun tí mo fi owó kòkó rà. Ó ní kí n ka ìsàlẹ̀ rísíìtì, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kì í padà. Ó ní ẹrẹ̀ ló bà á jẹ́. Mo ní, “Máníjà, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ta ló ń ra irú èyí torí ọ̀nà ọ̀dà?” Ó ní ọ̀gá ò sí, kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló gbé àga àti omi wá fún mi.

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó ń to táyà lẹ́yìn ti wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ jẹ́ n wò ó, mà.” Ó da kẹrosíìnì sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, ó fọ gbogbo ara jáàkì náà, ó tú pínnì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mú òmíràn nínú páálí, ó já ọ̀rá rẹ̀ lójú máníjà, ó tú òun náà. Ó to sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àtẹ́lẹwọ́. Mẹ́ta nípọn bákan náà. Ẹyọ kan, tó wá láti òkè jáàkì tèmi, rí tín-ín-rín. Ó ní, “Kì í ṣe ẹrẹ̀, mà. Níbi tí wọ́n ti tò ó pọ̀ ni wọ́n ti fi èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó wá èyí tó bá a mu, ó tò ó padà, ó kọ́ ọ mọ́ bọ́ńpà mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé mọ́tò sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí èmi náà ṣe é kí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ó kìlọ̀ pé kí n má fi gírísì sí i, torí yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, ọ́ìlì tó ṣàn ni kí n máa fi sí pínnì. Ṣé ẹ mọ̀ pé máníjà tún ní kí n sanwó sípíríǹgì? Inú mi tún ru. Mo pe ọ̀gá wọn lórí nọ́ńbà tó wà lára rísíìtì. Ó bẹ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú gbogbo èyí tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù wò.

Ní ti gbígbé e kiri, mi ò fi sínú mọ́tò níbi tí èèyàn ń jókòó. Irin tó wúwo tó kìlógíráàmù 13 á fò lu ẹni tó wà níwájú bí mọ́tò bá gbá nǹkan. Abẹ́ àpò kòkó kò dáa pẹ̀lú, torí àpò kan lè tó kìlógíráàmù 64, ta ló máa sọ wọ́n kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kó tó rí jáàkì mú? Mo ní kí wẹ́dà lẹ irin méjì mọ́ ògiri ẹ̀yìn, lókè ibi tí àpò máa ń dé. Bóòtù méjì ló mú un, àgádágodo wà lára ọ̀kan. Mo gé tíúbù táyà àtijọ́, mo fi wé ibi tí pínnì wà, ẹrẹ̀ kì í kàn án mọ́. Látìgbà náà ló ti ń gòkè tó sì ń sọ̀ wẹ́rẹ́.

Jáàkì: 4 nínú 5. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn ló gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa ta ìtẹ́lẹ̀ fífẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ìtajà: 5 nínú 5, torí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn àti ọmọbìnrin tó mú téèpù. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú pínnì rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.