Fóònù, láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ àbí Xbox: èwo lẹ máa rà de Mecha BREAK?

Kí géèmù róbọ́ọ̀tì tó ń jẹ́ Mecha BREAK tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje 2025 ni mo kọ eléyìí, ti ìgbà yẹn sì ni iye owó tó wà níbẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sọ ìgbà tó máa jáde làwọn ọmọ àdúgbò wa ní Lágere, n'Ifẹ̀ níbí, ò ti jẹ́ kí n sinmi mọ́, "bùọ̀dá, ṣé fóònù mi máa gbé e?", "bùọ̀dá, ẹ bá mi wo láptọ́ọ̀pù yìí, wọ́n ní tòkúnbọ̀ ni", mi ò sì lè bá wọn wí torí ó ń wu èmi náà, bóyá ó tiẹ̀ ń wù mí jù wọ́n lọ. Róbọ́ọ̀tì gìrìwò téèyàn máa wọ inú ẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀kú, táá máa fi fò, táá máa fi yìnbọn, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Géèmù lọ̀fẹ́ o, ohun tẹ́ẹ máa fi gbá a kì í ṣe ọ̀fẹ́, iná tó máa gbé e ò sì lọ́fẹ̀ẹ́, dátà náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó máa dun àwọn kan. Mecha BREAK ò sí fún fóònù. Kọ̀ǹpútà Windows ni wọ́n ṣe é fún, àti Xbox Series X pẹ̀lú Series S. Seasun ní Ṣáínà ló ṣe é, nígbà tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ lóṣù kejì 2025 pé kí gbogbo ayé wá dán an wò, àwọn tó wà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nìkan lé ní 300,000. Èmi ò ráyè gbá a nígbà yẹn, dátà mi ti tán kó tó wọlé dé ìdajì, fídíò àwọn tó gbá a ni mo ń wò káàkiri, torí náà tí mo bá ń sọ ti Mecha BREAK níbí, ohun tí mo fojú rí lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, àmọ́ àwọn tó kù tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ti gbá wọn títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Èwo ló dà bí èwo

Nínú Mecha BREAK, ẹ̀yìn róbọ́ọ̀tì lẹ máa ti máa wò ó, eré ló sì ń sá, kò fẹ́ẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kálukú wọn ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Falcon máa ń yí padà di ọkọ̀ òfuurufú, Narukami jìnnà síbi ìjà ló máa ti máa yìnbọn tó sì lè pòórá mọ́ ọ̀tá lójú, Tricera ní tiẹ̀ tóbi, ó le bí àpáta, ó lè dúró sójú kan kó máa da ìbọn bolẹ̀. Ẹ lè jà ní mẹ́ta sí mẹ́ta, ẹ lè jà ní mẹ́fà sí mẹ́fà, Mashmak sì tún wà tó jẹ́ pé ẹ máa wọ pápá ńlá kan lọ kó ẹrù, ẹ máa wá ọ̀nà bẹ́ẹ ṣe máa gbé e jáde káwọn ẹlòmíì tó pa yín gbà á.

MechWarrior Online ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú róbọ́ọ̀tì níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí lẹ máa wà, ẹ máa rí gíláàsì níwájú yín, ẹ máa mọ̀ pé irin lẹ̀ ń wà. Èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ tọ́ọ̀nù 20, èyí tó wúwo jù, Atlas àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, jẹ́ 100. Ẹsẹ̀ ẹ̀ lè máa lọ síbì kan kí àyà ẹ̀ kọjú síbòmíì. Tí wọ́n bá já apá ẹ̀ bọ́, gbogbo ìbọn tó wà lápá yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ máa fi èyí tó kù jà. Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ooru: bẹ́ẹ ṣe ń yìnbọn lara ẹ̀ ń gbóná, tẹ́ẹ bá ki àṣejù bọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì máa kú pii níwájú ọ̀tá, ẹ máa jókòó sínú òkùnkùn kẹ́ẹ máa dúró dìgbà tó bá tutù, wọ́n á sì ti máa lù yín. Èèyàn 12 sí 12 ni. Inú ayé BattleTech tó ti wà látọdún 1984 gẹ́gẹ́ bí ayò orí tábìlì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, Piranha Games ní Kánádà ló ṣe é, 2013 ni wọ́n ṣí i gbangba, ó sì dé Steam lóṣù kejìlá 2015. Ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ti fóònù wá kù. War Robots ti wà láti 2014, mẹ́fà sí mẹ́fà, ẹ lè tò tó róbọ́ọ̀tì márùn-ún sílẹ̀ kó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú ẹ máa mú òmíì. Mech Arena jáde lọ́dún 2021, márùn-ún sí márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún ti parí, kí kẹ̀kẹ́ Marúwá tó kún ní Sábó ẹ ti jà tán. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, Mech Arena ni mo máa ní kẹ́ẹ mú. War Robots dùn lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sírọ́ ńbẹ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti gòkè díẹ̀, ẹ máa fẹ́ fi agbára kún ìbọn, wọ́n á ní kẹ́ẹ dúró wákàtí báyìí, ó sì máa ń di ọjọ́, àfi tẹ́ẹ bá sanwó. Àwọn tó ti sanwó yẹn náà lẹ máa pàdé lórí pápá. Mo ti rí ọmọ kan tó fẹ́ẹ̀ fi owó oúnjẹ ẹ̀ ra góòlù nínú ẹ̀, inú mi ò dùn sí i rárá.

Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀: ibí ni kẹ́ẹ ti la ojú

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé géèmù yìí fẹ́ kọ̀ǹpútà, ọjà ló máa kọrí sí, wọ́n á sì fi HP EliteBook tàbí ThinkPad hàn án, wọ́n á ní "Core i7 ni, kò síṣẹ́ tí ò lè ṣe". Láptọ́ọ̀pù gidi làwọn yẹn fún iṣẹ́ ilé ìwé, fún kéèyàn tẹ iwé, kó wo fíìmù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gráfíìsì tiwọn, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ti Intel tó wà nínú ẹ̀ látilẹ̀wá ni wọ́n ń lò, ìyẹn ò sì lè gbé Mecha BREAK. Wọ́n jẹ mí rí. Ní 2021 mo ra ọ̀kan nínú ìlú níbí, sítíkà gráfíìsì wà lára ẹ̀ gbàgede, mo sanwó, mo gbé e délé, mo ṣí i, mi ò rí nǹkankan ńbẹ̀ ju Intel lọ. Wọ́n ti yọ sítíkà lára òmíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo padà lọ, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà padà. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù torí owó tí mo dájọ ni.

Nítorí náà kẹ́ẹ tó yọ owó, ẹ má wo sítíkà, ẹ tan láptọ́ọ̀pù yẹn níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ GPU sí, gráfíìsì yẹn náà ni. Tó bá jẹ́ GPU 0 nìkan lẹ rí, tí orúkọ Intel sì wà lára ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ẹ máa lọ. Tẹ́ẹ bá rí NVIDIA GeForce tàbí AMD Radeon kan lọ́tọ̀, ó kù kẹ́ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ lọ fi wé ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé Mecha BREAK ní Steam pé ó fẹ́, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo RAM náà, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Fún MechWarrior Online, 8GB á tó, torí géèmù ọjọ́ pẹ́ ni, kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Fún Mecha BREAK èmi ò ní rà èyí tí ò ní 16GB, àti SSD, ibi ìkófáìlìsí tó máa ń yára. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀, ẹ gbọ́ ariwo fáànù, tó bá ń pariwo bí ẹ̀rọ ata nígbà tí ẹ ò tíì ṣe nǹkankan, ìṣòro ń bẹ. Ẹ gba ṣájà tó bá a wá. Láptọ́ọ̀pù géèmù ò kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí bátìrì, agbára ẹ̀ máa ń wálẹ̀ tẹ́ẹ bá ti yọ iná, ṣájà tí ò lágbára tó náà ò sì ní gbé e.

Xbox Series S ò ní wàhálà yẹn. Kò sẹ́ni tó máa fi sítíkà tàn yín, géèmù tí wọ́n bá ní ó máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n sì ti yọ owó oṣooṣù kúrò lórí àwọn géèmù ọ̀fẹ́, ẹ ò nílò Game Pass kẹ́ẹ tó bá àwọn èèyàn jà. Ìṣòro ẹ̀ ni pé owó ẹ̀ ti gòkè: dọ́là 299 ni nígbà tó jáde ní 2020, lóṣù karùn-ún 2025 wọ́n gbé èyí tó ní 512GB dé dọ́là 380 ní Amẹ́ríkà, tẹ́ẹ bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, ìyẹn ti jẹ́ 570,000 kó tó gorí omi, kí ẹni tó kó o wá tó lé èrè tiẹ̀ lórí. Kò ní ojú CD, gbogbo nǹkan dátà lẹ máa fi fà á wọlé. Ẹ tún máa nílò tẹlifíṣọ̀n. MechWarrior Online ò sì sí lórí ẹ̀. Ọmọ OAU tó máa kọ prójẹ́ẹ̀tì, tó máa ṣe àsáìnmẹ́ǹtì, kí ló fẹ́ fi Xbox ṣe tí géèmù bá sú u? Láptọ́ọ̀pù lèmi máa ní kó rà. Ẹni tó ti ní láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n nílé, tó ń gba owó oṣù, Xbox dáa fún un, kó rà á.

Iná àti dátà

Ẹ̀rù owó iná ń ba àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Lóòótọ́, ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní bíi náírà 68 dé 225 fún yúnìtì kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò: láptọ́ọ̀pù géèmù tó ń jẹ wáàtì 150, wákàtí mẹ́fà ló lé kó tó jẹ yúnìtì kan. Ìyẹn ò tó 40 náírà ní wákàtí kan. Kí iná wà gan-an ni ìṣòro. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fẹ́ máa tan, lítà epo kan wà ní bíi 900 náírà ní àárín 2025, iná ẹ̀ sì máa ń lọ sókè sódò, mo ti rí ṣájà tó jóná lórí ẹ̀. Xbox Series S ò jẹ tó wáàtì 100, ínfátà kékeré máa gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí ò tóbi. Fóònù kò nílò àlàyé.

Dátà ńkọ́? Oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbà fáwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tẹ́ẹ bá ń fà á wọlé ló máa jẹ dátà yín, nígbà tẹ́ẹ bá ń gbá a kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, fídíò tẹ́ẹ̀ ń wò lójoojúmọ́ jẹ jù ú lọ. Ẹ fi dátà òru fà á, ní Lágere níbí tó bá ti kọjá aago kan òru nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já geere, tàbí kẹ́ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé ẹni tó ní Starlink, kẹ́ẹ fi ohun tẹ́ẹ bá lè fún un dúpẹ́.

Nǹkan kan wà táwọn tó ń polówó géèmù kì í sọ fún wa. Ọ̀nà jìn láti Ifẹ̀ dé ibi tí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù ń gbà kọjá, wà, bọ́tìnì tẹ́ẹ tẹ̀ níbí máa pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Nínú MechWarrior Online tí irin tọ́ọ̀nù 100 ń rọra rìn, ẹ lè fara dà á, ẹ máa yìnbọn síwájú ọ̀tá díẹ̀ ni. Nínú Mecha BREAK tí wọ́n ń fò bí àṣá, tí ẹlòmíì máa fi idà já lù yín, ìpẹ́ yẹn máa ṣe pàtàkì. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nípa ẹ̀ nìyẹn.

Owó inú géèmù: ẹ fà á sẹ́yìn

Mo gbádùn Hawken gan-an nígbà ayé ẹ̀. Oṣù kejìlá 2012 ló ṣí, róbọ́ọ̀tì, ọ̀fẹ́, ó rẹwà. Oṣù kìíní 2018 wọ́n pa sẹ́fà kọ̀ǹpútà ẹ̀, gbogbo ohun táwọn èèyàn rà síbẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Gundam Evolution ti Bandai Namco jáde lóṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kọkànlá 2023 wọ́n ti tì í pa. Kò pé oṣù 15! Ẹni tó ti ra aṣọ róbọ́ọ̀tì nínú ẹ̀ ńkọ́? Torí ẹ̀, tí Mecha BREAK bá jáde, tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ wá ra páákì ẹni àkọ́kọ́, ẹ gbá ti ọ̀fẹ́ yẹn ná. Èmi ti bá ara mi ṣàdéhùn ọdún kan. Ní MechWarrior Online, ìjà 25 àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi C-Bill, owó inú géèmù yẹn, kún èrè ẹni tuntun, ìyẹn lè ra róbọ́ọ̀tì tiyín láìsan dọ́là kankan, ẹ má ra èyíkéyìí kẹ́ẹ tó gbá àwọn tí wọ́n ń yá èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tán, kẹ́ẹ mọ èyí tó bá yín lára mu.

Èmi ní tèmi, láptọ́ọ̀pù tí mo padà rà lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi jẹ mí, ó ní GeForce tiẹ̀, mo ti pa fáìlì fíìmù rẹ́ kí àyè lè wà, mo ti ra pádì kan lọ́wọ́ ọmọ Parakin kan tó ń kó lọ ṣiṣẹ́ sìnrúùlú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, àbúrò mi ń bọ̀ láti Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun ló máa kọ́kọ́ wọ Falcon, mo ti ṣèlérí fún un.