Master of Reality lórí àwo: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà

Ẹ jẹ́ n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ má baà máa wá a kiri: tó bá jẹ́ àwo rọ́ọ̀kì kan ṣoṣo lẹ máa rà láyé yín, àwo tó ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́ lórí fóònù, ẹ ra Master of Reality ti Black Sabbath, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1971. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní Paranoid, àwo wọn míì, ni, àwọn míì á ní kò sí èyí tó dà bí àkọ́kọ́ wọn. Mi ò bá yín jà. Orin inú Paranoid lè dùn jùyẹn lọ létí yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo la wà yìí, ohun tẹ́ ẹ máa fowó rà tẹ́ ẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ, tó bá dẹ̀ di tìyẹn, mi ò tíì rí èyí tó borí ẹ̀.

Ìdí kìíní ò tiẹ̀ kan orin rárá. Ìṣẹ́jú ni. Gbogbo àwo yẹn látòkè délẹ̀, ìṣẹ́jú 34 àti díẹ̀ ni. Ojú kìíní ò ju bíi ìṣẹ́jú 16 lọ, ojú kejì bíi 18. Àwọn tó ń ra àwo lóde ìsìnyí kì í wo ibẹ̀, wọ́n á máa wo àwọ̀, ṣé pupa ni àbí aláwọ̀ ewé, ṣé wọ́n kọ 180 gram, ìwọ̀n ike ẹ̀, sí i lára, nígbà tó jẹ́ pé iye ìṣẹ́jú tó wà lójú kan ló máa sọ bóyá sípíkà yín máa sọ̀rọ̀ àbí ó kàn máa kùn. Ẹ wò ó, orin tó wà lára àwo, ipa tóóró kan ṣoṣo ni, ó ń ká bọ̀ láti etí títí dé àárín. Báàsì ló máa ń gba ààyè jù nínú ipa yẹn, torí òun ló ń mú kó máa fì sọ́tùn-ún sósì. Tí ìṣẹ́jú bá wá pọ̀ jù lójú kan, ẹni tó ń gé àwo ò rí ọgbọ́n míì dá ju pé kó fún ipa pọ̀ mọ́ra, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó dín báàsì kù, kí ipa kan má baà wọnú èkejì. Lórí àwo 12-inch tó ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, tó bá ti ń kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lójú kan, ẹ ti ń pàdánù nǹkan kan nìyẹn. Ẹni tó ń fi gìtá kan kọrin jẹ́jẹ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Rọ́ọ̀kì tó wúwo? Ẹ máa mọ̀ ọ́n.

Ohun tó sọ wàhálà sí wa lọ́rùn nìyẹn, àwa tá a fẹ́ràn rọ́ọ̀kì àwọn ọdún 1990. Síídì ti gba ìgboro nígbà yẹn, ó lè gba ìṣẹ́jú 74, làwọn ẹgbẹ́ bá ń kọrin tí ò lópin. Superunknown ti Soundgarden, 1994, ó tó ìṣẹ́jú 70. Àwo méjì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó dẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀, ojú mẹ́rin, ẹ pín in fúnra yín. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n á fẹ́ fi àwo kan ṣoṣo gbé irú ẹ̀ torí àtidín owó kù. Mo ní ọ̀kan nílé báyìí, mi ò ní dárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ṣe ni mò ń gbé vólúùmù sókè sókè, eruku ló ń pariwo sí i, orin ò kúrò níbi tó wà. Owó gidi dẹ̀ ni mo fi rà á o.

Ó dáa, orin fúnra ẹ̀ wá ńkọ́?

Birmingham làwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹgbẹ́ Black Sabbath ti wá, àdúgbò Aston, ìlú àwọn tó ń fi irin ṣiṣẹ́, kò sí ọmọ olówó nínú wọn. Tony Iommi tó ń ta gìtá, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé ṣóńṣó ìka ẹ̀ méjì já níbi iṣẹ́, lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọlọ́wọ́ òsì sì ni Iommi, ìyẹn ni pé ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ gan-an ló fara gbá a. Ọ̀gá ẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló gbé àwo Django Reinhardt, onígìtá kan, fún un pé kó gbọ́, ìgbà tó gbọ́ ọ tán ni wọ́n tó wá sọ fún un pé ìka méjì ni ọkùnrin yẹn fi ń ta gbogbo ohun tó gbọ́ yẹn, torí iná ti jó o lọ́wọ́. Ẹ rí iṣẹ́ tí àwo kan lè ṣe láyé èèyàn, abí? Ló bá yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà kéékèèké sórí ìka, ó fi awọ lé e, ó padà sídìí gìtá. Okùn tó le ń ni ín lára, nígbà tí wọ́n fi máa wọ sítúdíò ní London fún àwo kẹta yìí, ó ti dẹ okùn wálẹ̀ gan-an fún àwọn orin kan, Geezer Butler dẹ ti báàsì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ bí ohùn ìyá ìlù ṣe máa ń já wálẹ̀ tí onílù bá jọ̀wọ́ ọṣán máa mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn yẹn ni Soundgarden, Kyuss, Sleep àti ọ̀pọ̀ àwọn tó wá lẹ́yìn ń lé kiri.

Ikọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Iommi fúnra ẹ̀ ló ń wúkọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe léraléra, orin tó tẹ̀ lé e ni Sweet Leaf, ẹ ò ní láti bi mí léèrè ohun tó ń mu. Lórí fóònù, ikọ́ lásán ni. Lórí àwo tó mọ́, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ sún sẹ́yìn fún ẹni tó ń wúkọ́ yẹn, kí gìtá tó wọlé, tó bá dẹ̀ ti wọlé, ilẹ̀ ló máa ń bá a dún.

After Forever ló kàn, ó dẹ̀ yẹ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀ torí àwọn ará ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan rí orúkọ ẹgbẹ́ yìí lára páálí, ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ni mò ń kó wọlé, pé ṣé mi ò rí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ orin yìí, àwọn tó ń fi Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń bá wí o! Butler ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ orin yẹn fún alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìsọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i, á ṣe àmín. Mo kà á fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí àwọn Sabbath yí orúkọ ẹgbẹ́ padà nígbà náà, kí wọ́n wá máa pe ara wọn ní nǹkan gidi.

Children of the Grave ló parí ojú kìíní, ìyẹn ni orin tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò tí mo bá lọ sílé ẹnikẹ́ni. Báàsì àti dírọ́ọ̀mù Bill Ward jọ ń sáré, wọn ò dúró mí, tí sípíkà yín bá jẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀.

Ẹ yí i padà. Ojú kejì yìí lèmi fẹ́ràn jù, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà. Orchid kọ́kọ́ wá, gìtá nìkan, kò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, lẹ́yìn náà Lord of This World á gbá yín lójú. Ìgbà yẹn ni Solitude wá dé, Ozzy Osbourne, akọrin wọn, ń kọrin bí ẹni tí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, débi pé àwọn kan ò gbà pé òun ni títí dòní, Iommi dẹ̀ tún ń fọn fèrè níbẹ̀. Àwọn tó rò pé ariwo nìkan ni orin yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sídìí ìyẹn. Into the Void ló kádìí ẹ̀, mo dẹ̀ rò pé ibi tó yẹ ẹ́ gan-an ni wọ́n fi sí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín àwo, ipa tó ń gbà kọjá nínú ìyípo kan ń kúrú sí i, ohùn tó rí tínrín, tó ń dún ṣíí ṣíí, ni ìyẹn kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Orin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá báyìí ò ní ohun púpọ̀ tó máa pàdánù níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 ni gbogbo ojú yẹn dẹ̀ jẹ́, kò sídìí tí ipa fi máa sún wọ ẹ̀bá lébẹ́ẹ̀lì jù.

Ní ti èyí tẹ́ ẹ máa rà, ọ̀nà pọ̀. Ojúlówó ti UK láti 1971, ilé iṣẹ́ Vertigo ló ṣe é, lébẹ́ẹ̀lì yẹn ní àwòrán funfun àti dúdú tó ń yí wọnú ara ẹ̀, tó bá ń yí lórí ẹ̀rọ òòyì máa fẹ́ kọ́ yín. Páálí ẹ̀ ń ṣí lókè bí àpótí, lẹ́tà ara ẹ̀ wú sókè tẹ́ ẹ fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, pósítà wà nínú ẹ̀. Ó rẹwà, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá pé tó sì mọ́, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, pósítà yẹn dẹ̀ ni nǹkan tó kọ́kọ́ máa ń sọ nù torí ògiri yàrá àwọn ọmọ ọdún 15 ló lọ ní 1971. Látìgbà tí Ozzy dẹ̀ ti kú ní July 2025, tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣeré ìkẹyìn ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park ní Aston níbẹ̀, ẹni tó ń wá a ò kéré. Ti Amẹ́ríkà, Warner Bros ló gbé e jáde, owó ẹ̀ sábà máa ń dín díẹ̀, ohùn ẹ̀ ò burú rárá. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ gbọ́ orin, àtúntẹ̀ tuntun máa ṣe é fún yín, ẹ má kàn jẹ́ kí 180 gram tàn yín, ìwọ̀n ike nìyẹn, àwo tó wúwo lè dún burúkú tí ẹni tó gé e ò bá mọṣẹ́.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má gba VG+ (Very Good Plus, bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ pé àwo ṣì dáa) gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tajà fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní VG+ ni, ọmọ ológbò ni mo rò pé ó jó lórí ẹ̀. Ẹ ní kó ya ojú méjèèjì ní fọ́tò lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, kó ka nọ́ńbà tí wọ́n há sí ibi tí orin ò sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì, fún yín, ibẹ̀ lẹ máa fi mọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, páálí lè jẹ́ ti 1971 kí àwo inú ẹ̀ má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà ní London, ẹ lọ sí Berwick Street ní Soho jàre, òpópónà tó wà lára páálí àwo ẹgbẹ́ Oasis ti 1995 yẹn, ṣọ́ọ̀bù àwo Reckless Records àti Sister Ray wà níbẹ̀, ẹ lè fa àwo yọ kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ iná fúnra yín.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ onípótímáńtò tó rẹwà lójú tó ní sípíkà kékeré nínú, abẹ́rẹ́ wọn máa ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ jù, báàsì dẹ̀ máa ń mú abẹ́rẹ́ fò. Ẹ má fi ìyẹn gbọ́ Sabbath. Àwọn tó wà nílé ní Naijá, ẹ ti mọ tìyẹn, tí iná bá lọ láàárín Into the Void, orin tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún máa rọra wọlẹ̀ lọ títí á fi dákẹ́, kí n má purọ́, ó dùn díẹ̀.

Kó má dà bíi pé òyìnbó nìkan ló ṣe irú ẹ̀. Èkó ní rọ́ọ̀kì tiẹ̀ nígbà yẹn. Ginger Baker tó lùlù fún ẹgbẹ́ Cream wá gbé Èkó, ó dá ẹgbẹ́ Salt sílẹ̀, àwọn Lijadu Sisters bá a ṣeré, Berkley Jones àti Laolu Akins náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yẹn àti Mike Odumosu ló wá di BLO, lẹ́tà orúkọ wọn ni wọ́n kó jọ, EMI gbé àwo Chapter One wọn jáde ní 1973. Gìtá Jones níbẹ̀ le, ó rí kíjikìji, ṣùgbọ́n ìlù ẹ̀ kì í ṣe ti Birmingham, ó ń jó. Odumosu lọ sí ẹgbẹ́ Osibisa lẹ́yìn náà. Ẹ dẹ̀ mọ̀ pé Laolu Akins yẹn kan náà ló ṣe ètò àwo Ace fún Shina Peters ní 1989? Afro-Juju tí gbogbo òde àríyá jó sí yẹn, onírọ́ọ̀kì ló wà nídìí ẹ̀. Tí Bàbá yín bá ní páálí àwo nílé tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi tọrẹ, ẹ kọ́kọ́ yẹ àárín Obey àti Sunny Ade wò dáadáa, ojúlówó Chapter One ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń wá a ní Yúróòpù ń fowó gidi lé e.

Master of Reality, mo fún un ní 9 nínú 10. Máàkì kan tó kù, pósítà ni. Èyí tí mo rà ò ní.