JW3 tàbí Jewish Care: èwo ni Júù tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò kọ́kọ́ yà sí?

Júù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wá ọ̀rẹ́, lè yà sí JW3 ní Finchley Road, gbọ̀ngàn àṣà tí wọ́n ṣí ní 2013, níbi tí kò ti pọn dandan kí èèyàn jẹ́ ọmọ sínágọ́gù kankan kó tó wo sinimá tàbí kó kọ́ èdè Hébérù. Jewish Care yàtọ̀: àjọ aláàánú tí àjọ méjì parapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1990 ni, àwọn àgbà ló sì ń tọ́jú jù, títí kan àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa ìjọba Násì. Fún ìyá arúgbó tó ń dá gbé, Jewish Care ni èmi yóò kọ́kọ́ pè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nítorí Sábáàtì yóò ti wọlé.