Inosine Pranobex àbí Oseltamivir: Èwo Lẹ Máa Rà Bí Flú Bá Dé?

Fáírọ́ọ̀sì làwọn òògùn méjèèjì ń bá jà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra. Oseltamivir, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tamiflu, ò bá agbára tí ara fi ń bá àrùn jà da nǹkan kan pọ̀. Ńṣe ló ń ká fáírọ́ọ̀sì flú mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ti wọ̀, kó má baà ráyè jáde lọ sí òmíràn. Inosine pranobex, tí wọ́n tún ń tà ní Isoprinosine, ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ jí.

Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó sanwó. Oseltamivir fún àgbàlagbà kò le: kápúsù 75 mílígíráàmù, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ 5. Kápúsù 10, ó tán. Ti inosine pranobex ń tẹ̀ lé bí èèyàn ṣe wúwo tó: 50 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni 60 kílò á lo 3,000, ìyẹn hóró mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, méjìméjì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá hóró mẹ́jọ lóòjọ́. Páálí oníhóró 20 á ti tán lọ́jọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀ a tún máa ń lò ó fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tára bá ti yá. Ibí làwọn kan ti ń ṣọ́ ọ lò, tí wọ́n á wá sọ pé òògùn náà ò ṣiṣẹ́.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Oseltamivir tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 48 tó pé máa ń dín àìsàn flú kù, àmọ́ ohun tó ń dín kù ò tó odindi ọjọ́ kan. Kì í ṣiṣẹ́ fún ọ̀fìnkìn lásán. Ẹ̀rí ti inosine pranobex tín-ín-rín jùyẹn lọ, Amẹ́ríkà ò sì fọwọ́ sí i. Tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé flú ni, tí ọjọ́ ò sì tíì lọ, oseltamivir ni kẹ́ ẹ bá dókítà sọ.

Ewu ńkọ́? Oseltamivir lè mú kí èébì máa gbé èèyàn. Ẹ jẹun sí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù fẹ́ni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá ṣáṣá. Inosine pranobex ní tiẹ̀ máa ń di uric acid nínú ara, èyí tó ń wú oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fún oní-gout, ìyẹn ẹni tó ní àrùn oríkèé tí uric acid ń fà. Oní-gout ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín rí, tàbí tó ń lo òògùn ìtọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ yẹ uric acid rẹ̀ wò. Aláboyún ò gbọdọ̀ dá a rà lò. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún: òògùn tí wọ́n fi ń rọ agbára ara rẹ̀ lójú lèyí fẹ́ bà jẹ́.